Ìṣáná Lọ́wọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ọ̀fin, òórùn gáàsì gba gbogbo ilé ìdáná wa. Mo ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ti sílíńdà há, kò yí. Mo wá po ọṣẹ sómi, mo fi pa rọ́bà rẹ̀ kí n lè rí ibi tó ti ń jò.

Bí ìyá ọkọ mi ṣe wọlé nìyẹn, ìṣáná lọ́wọ́ wọn. "Jẹ́ kí n tan iná wò ó."

Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀: orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà." Wọ́n ní ṣé a jí ire, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ń dáhùn, mi ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ìgbà tí wọ́n fa igi ìṣáná yọ ni mo fò dìde, tí mo gbá a dànù lọ́wọ́ wọn.

Mo nawọ́ sí ọṣẹ tó ń hó yaya lọ́rùn rọ́bà. Wọ́n wò ó, wọ́n sún sẹ́yìn. Mo tún kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n jágbe mọ́ mi: "Dìde ńbẹ̀! O rí ikú lọ́wọ́ mi, o wá kúnlẹ̀, ò ń kí i káàárọ̀!"