Ọ̀wẹ̀ tí Mo Pè sí Olódò

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́ ni mo fi ń rántí ọdún náà. Kì í ṣe òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi fún fùfú, ìyẹn a máa múni rántí oúnjẹ. Èyí tí mò ń wí ni ti ẹ̀gẹ́ tí a hú, tí a kó jọ síwájú ilé, tí kò sẹ́ni tó wá gbé e. Èmi ni mo ní kí wọ́n hú u. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi rù.

Mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nígbà náà, mo sì di akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Lálúpọn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì ṣèlérí pé àwọn yóò máa fi ọkọ̀ wá kó ẹ̀gẹ́ wa, ṣùgbọ́n oko ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú áàpù orí fóònù, kí wọ́n lè rí ibi tí oko wà àti ọjọ́ orí ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀. Wọ́n dá Ọjọ́bọ̀ kan. Bí áàpù bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ yóò kó ẹrù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìlú mìíràn ń dúró. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láàárín wa, a bá gbé e fún ọ̀dọ́ méjì ní Olódò, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, nínú yàrá kan lókè ilé olóògùn. Obìnrin ni olórí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló lẹ bébà kan mọ́ ògiri, ó fa àpótí mẹ́ta sínú rẹ̀.

Ó ní, “Mà, ohun mẹ́ta lagbára wa gbé lọ́sẹ̀ kan. Èyí tí kò bá wọ inú mẹ́ta yìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé èmi nìkan ni mò ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀ nígbà kan, tí gbogbo wọn sì yege. Báyìí ni mo ṣe gbọ́n tó.

Ọ̀sán Sọ́ńdè la máa ń ṣèpàdé, kí oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́sálásí lè ráyè wá. Kò sí ìpàdé tí àwọn àgbà kò ní fi nǹkan kún un. Alága fẹ́ kí àwòrán òun wà níwájú áàpù. Ẹnì kan ní kó máa sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀. Ẹlòmíràn ní kó máa sọ̀rọ̀ jáde fún ẹni tí kò mọ̀wé. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀. N kò sọ fún àgbà kankan rí pé rárá, wọn kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Olódò, màá sì tẹ́ bébà mi síwájú ọmọbìnrin náà. Yóò wo bébà, yóò wo ojú mi, yóò sì ní, “A ó gbìyànjú, mà.” Èmi a gbọ́ ọ bíi pé iṣẹ́ ti parí. N kò rò ó pé ilé ire ni wọ́n ti tọ́ òun náà, pé kò lè la ẹnu sọ fún ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ pé kò ṣeé ṣe. Báyìí ni àwa ọlọ́mọlúàbí méjì ṣe fi ìwà rere gbẹ́ kòtò fún gbogbo ìlú.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwòrán alága ti wà níbẹ̀, ó sì dán. Oko kò sí. Oko tí ilé iṣẹ́ torí rẹ̀ bèèrè áàpù! Mo wá rántí pé bí igbó bá fẹ́ borí olóko nílẹ̀ wa, ọ̀wẹ̀ ló ń pè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo wá ọ̀dọ́ mẹ́rin kiri Ẹgbẹ́dá tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo se ìrẹsì sínú kúlà, mo kó gbogbo wọn wọ bọ́ọ̀sì. Inú mi ń dùn lọ́nà. Ọmọbìnrin náà bá wa lórí àtẹ̀gùn, kò gba kúlà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹni tí kò mọ inú ilé yìí, a ní láti mú un yí gbogbo yàrá ká kó tó lè gbálẹ̀. Ta ni yóò mú wọn yí i ká? Àwa méjì náà ni.”

Mo ní, “Ẹ máa ṣe é lọ. Ọwọ́ ti pọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ àlejò níṣẹ́. Ohun tí ẹnì kan bá tò, ẹlòmíràn a tú u. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, áàpù tó ń ṣí tẹ́lẹ̀ kò ṣí mọ́. Mo dá àwọn mẹ́rin padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ. Ní Túsìdé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo bi ọmọbìnrin náà bóyá yóò ṣeé ṣe. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Bí Ọlọ́run bá fẹ́, mà.” Mo bọ́ síta, mo pe alága: ẹ ní kí wọ́n máa hú u. Ẹyin lohùn.

Wọ́n hú ẹ̀gẹ́ ní Wẹ́sìdé. Opó àgbà kan tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì hú gbogbo oko rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ọdún méjì, òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé iṣẹ́ dé ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tẹ fóònù. Alága rẹ́rìn-ín sí wọn láti inú rẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, alága tún rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn, mo sunkún, n kò bìkítà ẹni tó ń wò mí. Wọ́n ní kí n dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n sì lọ.

Gbogbo ìlú bá yí sí ibi ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Gbogbo wa ń pariwo, èmi gan-an ń bẹ baba tó ni ín pé kí wọ́n mú ti alága ṣáájú, kí wọ́n tún mú ti opó. Baba náà pa ẹ̀rọ. Wọ́n ní, “Wàláhì, mo lè tò yín, n kò lè sọ ẹ̀rọ kan di méjì. Ariwo yín ń jẹ àkókò ẹni tó wà níwájú.” Wọ́n ka iye agbọ̀n tí ẹ̀rọ lè rin kó tó di Màgàríbì, wọ́n tọ́ka sí àwọn tó kù: ẹ lọ bó tiyín, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ sá a fún láfún. Wọn kò ṣojúsàájú, wọn kò tọrọ àforíjì. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní Olódò.

Ó di Sátidé kó tó kan opó. Èyí tó ju ìdajì ti dúdú nínú. A jọ ń ru agbọ̀n lọ síbi ààtàn, mò ń retí kí ó ṣépè fún mi. Ohun tó sọ kò ju, “Rọra tẹ ilẹ̀, ó ń yọ̀.”

Àwọn ọ̀dọ́ méjì ti Olódò ló padà parí áàpù náà, ohun mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà tí ìlú mìíràn ti gba ọjà. Ní báyìí, bí àwọn àgbà bá mú ọ̀rọ̀ wá, màá kúnlẹ̀, màá ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni òwe náà ń bá wí.

Opó náà ṣì wà láàyè. Èmi ni mo kéré, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti rí mi lókèèrè, òun ló ń sáré kí mi, “Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.” Mo ti gbìyànjú kí n ṣáájú rẹ̀. Kò gbà fún mi.