Bọ́ọ̀lù Òkun Nínú Pálọ̀ Alàájì Nùrúdíìnì

Ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ àgbàdo lóko ìlú Ọ̀lá ni ìròyìn dé pé òkun ti wọ bọ́ọ̀sì ní Àbíjáǹ, ó ń bọ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ará Ara ní ó ti kọjá bodè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi dé Masífà, òkun ti gba síìtì iwájú, kò sì fẹ́ sún fún ẹnikẹ́ni. Bàbá kan gbé ewúrẹ́ rẹ̀ gun orí òrùlé. Ewúrẹ́ náà ò tíì gbà láti sọ̀ kalẹ̀ títí di òní.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdajì ìròyìn yẹn, òótọ́ ni. Ẹni tó mọ ìdajì náà ni Alàájì Nùrúdíìnì, ó sì panu mọ́.

Ọjọ́ pẹ́ tí Alàájì ti ń ta táyà ní Àbíjáǹ. Faransé wọ̀ ọ́ lára débi pé tó bá sín, "páádọ̀n" ló ń tẹ̀lé e. Nígbà tó fẹ́ máa bọ̀ wálé pátápátá, ìṣòro kan ló kù. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ti Àbíjáǹ dé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú ò rí rí kalẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan ti gbé fíríìjì dé, ẹlòmíì gbé àga tímùtìmù tó tóbi ju ilé rẹ̀ lọ. Kí wá ni tiẹ̀? Ó lọ gba atẹ́gùn létí òkun, ó bá bọ́ọ̀lù funfun ńlá kan lórí yanrìn, aṣọ gígùn oníhò so mọ́ ìdí rẹ̀ bíi ṣòkòtò òmìrán. Wọ́n kọ Faransé sí i lára. Alàájì kà á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún un kà, ó gbé e.

Ẹ̀rọ àwọn tó ń ṣọ́ òkun ni bọ́ọ̀lù yìí. Wọ́n á jù ú sómi kí ìṣàn òkun máa gbé e lọ, aṣọ ìdí rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa tì í kiri. Yóò máa sọ ibi tó dé, àti bí omi ṣe gbóná tó, fún sátẹ́láìtì lókè. Alàájì dì í mọ́ orí bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀lù ò dákẹ́. Ní ọ́fíìsì kan l'Ékòó, wọ́n rí ìṣàn òkun tó gba títì ọlọ́dà, tó sáré ju ọkọ̀ gómìnà lọ, tó ń dúró ní gbogbo bodè bí ẹni tó ń bẹ aṣọ́bodè, tó sì gbóná tó omi tí wọ́n fi ń po ẹ̀kọ. Ó dé gáréèjì Ẹ̀jìgbò, ó dákẹ́. Alàájì ti gbé e wọlé sábẹ́ dẹ́kìn, sátẹ́láìtì ò gbóhùn rẹ̀ mọ́.

Olúwarótìmí ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà ní ọ́fíìsì ọ̀hún. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni, ilé ìyá rẹ̀ kọjú sí ti Alàájì. Ó pe ìyá rẹ̀ pé kó bá òun wádìí, ìyá sọ fún ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí òkun ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ìyá Rótìmí wọlé tọ Alàájì wá. Wàlíyátù, ìyàwó Alàájì, fún un ní àga tuntun: bọ́ọ̀lù nínú táyà, awọ àgbò lórí rẹ̀. Ó jókòó.

"Alàájì, ẹ bá mi ṣàdúà. Wọ́n ti dá Rótìmí dúró lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní òun ló jí ẹ̀rọ òkun gbé wálé. Ọ̀gá rẹ̀ ní ṣé nínú gbogbo ayé, ìlú Rótìmí nìkan ni ẹ̀rọ mọ ọ̀nà dé ni? Tí kò bá rí i títí ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá ló kàn."

Alàájì wo ìdí àga. "Ẹ dìde níbẹ̀ yẹn, ẹ wá síbí."

"Ibí tù mí lára. Àga yín yìí mà dáa o. Àbíjáǹ lẹ ti rà á?"

"Hùn-ùn."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó tọ́jọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ mímọ́ bíi tiyín ni mo fẹ́ kó gbàdúà yìí."

Alàájì tẹ́ ọwọ́ mímọ́. Fátíhà tó ti ń kà láti kékeré, àárín rẹ̀ ló ti sọnù.

Lọ́jọ́ Àìkú, Wàlíyátù ní, "Bàbá Ameenat, ẹ ò jẹun dáadáa láti ìjẹta. Kí ló há yín lọ́fun?"

"Àga ni."

"Ẹ jẹ àga?"

Ó jẹ́wọ́ fún un. Ó ní òun ti rò ó kóun jù ú sódò. Wàlíyátù ní, "Kí ọmọ ọlọ́mọ wá di olè títí ayé? Ẹ gbé e lọ. Ẹ dúró ná, àlùbọ́sà mi wà nínú ṣòkòtò ẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, Alàájì dì í mọ́ orí bọ́ọ̀sì Èkó. Kí wọ́n tó dé Ìbàdàn, bọ́ọ̀lù ti ń ròyìn: ìṣàn òkun tún ti gbéra ní Ẹ̀jìgbò, ó ń padà bọ̀. Ọ̀gá àgbà wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Ajíbádé, àti Rótìmí tó ránṣẹ́ pè ti dúró dè é lẹ́nu géètì.

Alàájì gbé e kalẹ̀. "Rótìmí kọ́. Èmi ni mo gbé e."

Rótìmí dọ̀bálẹ̀ kí i. Dókítà náà wo irùngbọ̀n funfun Alàájì, àánú ṣe é. "Bàbá, kò sí wàhálà. A máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó rí i kò lè ka ohun tó wà lára ẹ̀."

Ọ̀nà ti là fún Alàájì, ó fẹ̀ tó títì márosẹ̀. Ó wo Rótìmí, ó gbé ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù.

"Ẹ pa ìyẹn rẹ́, ọ̀gá. Mo gbọ́ Faransé. Ohun tí wọ́n kọ ni pé, 'Ẹ má gbé e, iṣẹ́ ló ń ṣe.' Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó gbé e. Ẹ kọ ẹ̀ẹ̀mejì náà síbẹ̀."