Ẹni Tí Ń Gbọn Omi Abẹ́ Pẹpẹ

Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ ná, dandan ni kí ẹ gbọ́ èyí. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn yìí, bí ẹ bá ti wọ ilé ìjọsìn rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rìn kọjá lókè orí irú rẹ̀ láìmọ̀.

Kọ̀nkọ̀ làwọn ọmọdé ìjọ ń pè é, nítorí ìdí omi ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Bàtà ló ń tún ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá wọlé, apá kan ara rẹ̀ á ṣì wà níta. Lábẹ́ pẹpẹ ìjọ wọn, kòtò ìrìbọmi kan wà. Bí ọjọ́ ìrìbọmi bá pé, wọn á ká kápẹ́ẹ̀tì, wọn á ṣí pákó, wọn á pọn omi kún un. Bó bá parí, wọn á yọ èdídí ihò omi, oníkálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé omi náà kì í lọ tán. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbọn ìyókù, pákó tí pásítọ̀ ń dúró lé á jẹrà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kọ̀nkọ̀ ló ń wọ inú kòtò náà lọ gbọn ọ́n, tòun ti àkísà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀. Ó sọ fún díákónì àgbà pé ẹ̀yìn ń dun òun, òun ò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́.

"Iṣẹ́ wo?" ni díákónì bi í.

"Omi abẹ́ pẹpẹ, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Olúwa á fún yín lókun." Díákónì bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kòtò ṣe mú un bí ẹ̀bìtì ṣe ń mú ẹmọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ìrìbọmi, ẹ̀yìn ògiri ni bàbá wà, tó ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. "Àmín" nìkan ló gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé, "Kòtò yẹn gan-an ni ìyáálé mi." Kọ̀nkọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó búra nínú ara rẹ̀: lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ yìí, òun ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé, níbi tí gbogbo ojú á ti rí òun.

Ọjọ́ náà pé, ìrìbọmi sì ti wáyé lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Kọ̀nkọ̀ tètè dé, kóòtù lọ́rùn, bàtà tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán lẹ́sẹ̀. Ó bá kòtò lẹ́nu yíya, omi ṣì wà nísàlẹ̀. Ọmọ òun kọ́ ni yóò dúró lórí pákó tí omi ń rùn lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Mò ń bọ̀," láìsọ ibi tó ń lọ, ó bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹpẹ, ó ká ṣòkòtò, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ihò omi ló dí. Ó ká gúlútú sí kọ̀rọ̀, ó ń tú ìdọ̀tí. Akọrin ń dánra wò lókè. Àwọn tó ń to òdòdó wọlé, wọ́n ní, "Ta ló gbàgbé èyí sílẹ̀?" Kíá, pákó bọ́ sípò, kápẹ́ẹ̀tì gorí pákó, àga tọkọtìyàwó gorí kápẹ́ẹ̀tì, ìkòkò òdòdó ńlá tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ṣú mọ́ Kọ̀nkọ̀ lójú.

Ó kígbe. Dùùrù bo ohùn rẹ̀. Ó fi ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì lu pákó, gbì, gbì, gbì. Ẹnì kan lókè sọ pé, "Onílù yìí mà mọṣẹ́ lónìí," ni wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ó yí ìlù padà kí wọ́n lè mọ̀ pé ìpọ́njú ni. Wọ́n yí ijó padà.

Ó fi èjìká ti pákó, kò mì. Òógùn bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù bí òkúta. Dùùrù wá dákẹ́, ó gbọ́ ohùn pásítọ̀: "Bàbá ìyàwó dà?"

Òun rèé, lábẹ́ bàtà pásítọ̀ gan-an. Ó tún kígbe, ohùn ti há.

"Bóyá Kọ̀nkọ̀ ti bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sódò," ni ẹnì kan wí. Èrò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e: "Ẹ má jẹ́ ká pẹ́. Bàbá kan náà ló bí wa. Èmi á mú un wọlé."

Kọ̀nkọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lára pákó, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tútù. Èyí náà á tún kọjá lórí òun.

Ìgbà náà ló gbọ́ gìgísẹ̀ bàtà kan lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì. Òun ló rán bàtà yẹn fún ọmọ rẹ̀, òun ló kan ìdí rẹ̀. Kò lè ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n bàtà náà ń sáré, ìyàwó kì í sì í sáré wọ ilé ìjọsìn. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán.

"Ẹ bá mi gbé àwọn àga yìí kúrò," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Ìyàwó, rọra. Aṣọ funfun lo wọ̀ o," ni díákónì àgbà dáhùn.

"Bàtà bàbá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, sà. Ibo lẹni tó bọ́ bàtà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lè wà? Ta lẹ rò pé ó ń gbọn omi ibí?"

"Omi?" ni díákónì wí. "Ṣé kì í gbẹ fúnra rẹ̀ ni?"

Wọ́n wọ́ àga, wọ́n yí ìkòkò òdòdó, wọ́n ṣí pákó, ìmọ́lẹ̀ sì ya wọlé. Gbogbo ojú tí Kọ̀nkọ̀ fẹ́ kó rí òun ló ń wò ó wàyí, pẹ̀lú ṣòkòtò tútù àti àkísà lọ́wọ́.

"Ihò ló dí," ló wí. "Mo ti tú u."

"Ẹ gòkè wá, Bàbá mi."

"Jẹ́ n lọ wọ bàtà."

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń bọ̀."

Kọ̀nkọ̀ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Wọ́n jáde, wọ́n tún gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, ipa ẹsẹ̀ tútù ń tẹ̀ lé wọn títí dé iwájú. Díákónì àgbà ti bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ pé, "Ibí yìí mà tutù o."

Kọ̀nkọ̀ ṣì ń wọ kòtò yẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dé pákó mọ́ láìkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó pè sínú kòtò pé, "Ta ló wà ńbẹ̀?"

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ dé ìjọ tiyín. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń bọ pásítọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ̀yin gba ẹ̀yìn pẹpẹ, kí ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá bá bàtà níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó ni ín lọ.