Oorun Tó Wà Nínú Ìdílé Nímọ́tà

Abẹ́rẹ́ gún Nímọ́tà lọ́wọ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Creek Road, l'Ápápá, tí oorun fi gbé e lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí máṣíìnì, máṣíìnì sì ń sáré. Patrick, awakọ̀ tó ni tapólì náà, ló bá a yọ ọwọ́.

"Madam, you don sleep again," ni Patrick wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí oorun ti ń mú Nímọ́tà níbi tí kò yẹ: nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, lórí ẹní ìkírun pàápàá. Ó sanra gan-an. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀ ti gbà pé alájẹkì ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń jẹun. Ọlásúnkànmí ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé bó bá sùn, á máa hanrun, á dákẹ́ lójijì, á wá ta gìrì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Nígbà tó rí ọwọ́ tó wú, ó mú un lọ sílé ìwòsàn tipátipá.

Wọ́n ní kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ oorun rẹ̀ wò. Dókítà Nneka, ọmọ Íbò tí wọ́n tọ́ dàgbà l'Ájégúnlẹ̀, sọ èsì fún un.

"Mà, èémí yín ń dúró nígbà mọ́kànlélógójì láàárín wákàtí kan. Ta ló tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé yín?"

"Kò sí."

"Ẹ lọ bi wọ́n. Sísanra yìí àti èémí tó ń dúró, àwọn méjèèjì máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan."

Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ kò balẹ̀. Ojú oorun ni bàbá rẹ̀ kú sí, ní ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Òun náà ti pé méjìdínláàádọ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sọdá ojú irin lọ sí Ìjọra Badia, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ara wọn sì gba gbogbo bẹ́ǹṣì náà.

"Màmá, ṣé bàbá mi máa ń hanrun?"

"Àbúrò mi? Nígbà tí a wà n'Ísẹ́yìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń tẹ́ ẹní sí fún un, kí àwa yòókù lè sùn. Bàbá wa náà bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í jẹun púpọ̀, síbẹ̀ ara wọn…"

Orí Màmá sọ kalẹ̀. Wọ́n hanrun díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Nímọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka dé oókàndínlógún kí Màmá tó ta gìrì.

"…síbẹ̀ ara wọn tóbi."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá?"

"Èmi? Èmi kì í hanrun."

Nígbà tí Nímọ́tà padà délé, Nusirat ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ti ilé ìwé dé, ó sì ti sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń pe sísanra ọmọ náà ní ìlera. Ó dúró, ó tẹ́tí. Èémí ọmọ náà dúró. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó pààrọ̀ aṣọ ilé ìwé kó tó fà á lọ bá dókítà.

"Ẹ jókòó, mà," ni Nneka wí.

Kò lè jókòó. "Ṣé èmi ni mo kó o ràn án?"

"Ẹ ò kó nǹkan kan ràn án. Ara tó ń tètè sanra àti ọ̀nà ọ̀fun tóóró lẹ jogún. Ogún yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Ó kàn jẹ́ kí iṣẹ́ tiyín pọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ ni."

Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀fun Nusirat wò, bélúbélú rẹ̀ ló wú. Wọ́n gé e nígbà họlidé, oorun ọmọ náà sì dára sí i. Nímọ́tà gba ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú. Ó kọ́kọ́ ń já a sọnù lójú oorun, kó tó mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì tírélà tí Patrick gbé wá ló ń lò. Láàárín oṣù méje, ó fi kílò mẹ́fà fúyẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ó ṣì máa ń dìde lọ tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀.

Màmá ní òun yóò jẹ́ kí wọ́n yẹ oorun òun náà wò nílé ìwòsàn tí wọ́n bá ṣe Iléyá tán. Nímọ́tà kò gbà kí wọ́n dúró dìgbà náà. Ó ti bá wọn gba káàdì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.