Ìbọ̀wọ́ Funfun Nídìí Ààrò Ìyá Mi

Ẹja ni mo ń yan. Létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ajah, níbi tí ìyá mi ti yan ẹja títí ó fi darúgbó, ìdí ààrò kan náà ni mo jókòó sí. Bí ẹ bá rí obìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí òórùn èéfín kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, títí kan èyí tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìyẹn. Ìyẹn ò tì mí lójú. Ohun tó ń tì mí lójú ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìyá mi ní òfin kan: a kì í ta ẹja tí eṣinṣin kò bà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ń ra ẹja yíyan ní agbègbè wa ló mọ̀ pé àwọn oníwàkiwà kan wà tí wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sí ẹja kó má baà bàjẹ́. Ẹja tí eṣinṣin bá sá fún, kí èèyàn náà yáa sá fún un. Nítorí náà, bí oníbàárà bá dé, ìyá mi á ṣí apẹ̀rẹ̀ sínú oòrùn, á dúró kí eṣinṣin méjì mẹ́ta bà lé e, á wá ya ẹran ìdí orí ẹja kan, á jẹ ẹ́ lójú oníbàárà kó tó dárúkọ iye tó ń tà á. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti fi ààrò lé mi lọ́wọ́.

Oníbàárà mi tó tóbi jù ni ìyá olóúnjẹ kan tó máa ń ti Ibeju-Lekki wá. Àwọn bíríkìlà àti lébìrà tó ti Ọ̀ṣun àti Èkìtì wá kọ́lé lápá Free Zone ló ń dáná fún. Láti ayé ìyá mi ló ti ń ra ẹja lọ́dọ̀ wa. Ìdajì ẹja tí mo bá yan lọ́sẹ̀, òun nìkan ló ń kó o lọ. Bí kò bá wá, kí n kúkú da omi sí iná, kí n lọ sùn.

Ká sọ òótọ́, ìlara ló kó bá mi. Obìnrin kan wà ní Lekki tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tanná sábẹ́ ẹja, bí ẹ bá gbé igi fún un, á bi yín pé kí ni ká fi ṣe. Àmọ́ tó bá délé, á to ẹja mi sínú páálí, á ya fọ́tò rẹ̀, á gbé e sórí ayélujára, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "láti ọwọ́ mi dé ẹnu yín". Ọwọ́ ta ni? Àwọn èèyàn á sì máa kan sáárá sí i, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ dùn. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Mo ní bí ẹni tí kò mọ èéfín bá lè dolókìkí, èmi tí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú ńkọ́?

Àbúrò mi obìnrin bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké bí wọ́n ṣe ń polówó lórí ayélujára. Yàrá kan tó tutù nini ní Lekki ni wọ́n kó wa jọ sí. Ọmọ yìí kò ta ìgò epo kan rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tí kò mọ̀ ọ́n tà. Bó bá la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sọ "kóńtẹ́ǹtì", ìyẹn àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára. Nínú ọkàn mi, mo sọ ọ́ ní Àǹtí Kóńtẹ́ǹtì. Aránṣọ kan béèrè pé kí ni òun ó ṣe fún àwọn tó kàn ń béèrè iye aṣọ tí wọn ò ní rà. Ó ní kó máa sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún wọn. Ìtàn! Ẹni ẹlẹ́ni fẹ́ ta aṣọ, ẹ ní kó pàlọ́. Gbogbo wa sì ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ọmọ ilé-ìwé, èmi gan-an ń kọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó wá ya fídíò nídìí ààrò mi. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sétí ọ̀sà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fọwọ́ di imú.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé báyìí ni ibí yìí ṣe máa ń rí?"

"Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Ẹja là ń yan níbí, a ò gbéyàwó níbí."

"Mọ́mì, àwọn eṣinṣin yìí ò lè wà nínú fídíò o. Àwọn kọ́sítọ́mà wa ò ní rà á."

Kọ́sítọ́mà wa! Ọmọ tó ń fi ìka méjì gbé ìrù ẹja. Ó fa ìbọ̀wọ́ funfun yọ nínú báàgì, irú èyí tí dókítà máa ń wọ̀, ó ní kí n wọ̀ ọ́. Ó fún mi ní ìbòmú, ó fún mi ní fìlà ọ̀rá. Nígbà tí mo wo ara mi nínú fóònù rẹ̀, mo dà bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀bọ̀kún. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín, ó wù mí. Mo tiẹ̀ ní kó jẹ́ kí n tún un dé kí fìlà náà lè jókòó dáadáa.

Àwọn eṣinṣin ni kò gbọ́ kóńtẹ́ǹtì. Bí a ṣe ń lé wọn lọ ni wọ́n ń padà wá. Ọmọ náà wá béèrè bóyá mo ní fílítì nílé. Mo ní mo ní èyí tí mo fi ń pa ẹ̀fọn nínú yàrá. Ó ní kí n kàn fín in díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kò ní kan ẹja, kíá la máa yà á tán. Mo rántí ìyá mi, n kò lè sọ pé n kò rántí rẹ̀. Mo fi ọ̀rá bo apẹ̀rẹ̀, mo wọlé lọ gbé agolo náà, ọwọ́ ara mi ni mo fi fín in. Lẹ́yìn náà la ká ọ̀rá kúrò, tí mo rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Fídíò náà dùn ún wò. Orin òyìnbó ń dún lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó láìkì rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wá síbi ìsìnkú ìyá mi lọ. Wọ́n ń kọ ọ́ pé ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹja náà ní egungun. Òmíràn ní ṣé mo lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá wo ojú mi bí mo ṣe ń tẹ fóònù tí mo ń dá àwọn aláìníṣẹ́ lóhùn, iná ń kú lọ lábẹ́ ẹja. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ra ìrù ẹja nínú wọn. Apẹ̀rẹ̀ tí a yà nínú fídíò, mo to ẹja inú rẹ̀ padà sórí iná, mo ń sọ fún ara mi pé kò sóhun tó ṣe é. Ìyá olóúnjẹ ni mo fi í pamọ́ dè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá náà dé, kò gbé báàgì ọjà dání. Ó na fóònù sí mi, fídíò ọ̀hún ló wà níbẹ̀.

"Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má wulẹ̀ wò ó, ìpolówó ni."

"Àwọn lébìrà ló kọ́kọ́ rí i. Lánàá, odindi ìkòkò ọbẹ̀ ni mo rù padà sílé. Wọ́n ní ohun tí ẹni tó yan án ò lè fọwọ́ kàn, tó tún di imú sí, kí ni àwọn ó fi sẹ́nu ṣe? Wọ́n ní kí n wò ó dáadáa, eṣinṣin kan ò sí níbẹ̀. Mo wò ó. Kò sí."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹlẹ́bi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú Àǹtí Kóńtẹ́ǹtì. Mo sọ ti bàtà funfun, mo sọ ti ìka méjì, mo sín ohùn rẹ̀ jẹ. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì ṣe é dáadáa. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò bi ọ́ ní tọmọ ọlọ́mọ. Apẹ̀rẹ̀ inú fídíò yìí dà?"

Mo gbé e jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i sínú oòrùn, a sì jókòó tì í. Eṣinṣin ń bà lé ẹja tútù tó wà nínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọ̀kan wá sọ́dọ̀ apẹ̀rẹ̀, ó yí i ká, ó bá tirẹ̀ lọ. Bóyá oòrùn ló mú jù, n kò mọ̀. Ìyá náà ya ẹran ìdí orí ọ̀bọ̀kún kan, ó nà án sí mi.

"Ó yá, jẹ ẹ́."

Ohun tí mo ti ṣe láìmọye ìgbà nìyẹn, láìronú. Mo gbà á, mo gbé e dé ẹnu, agolo fílítì yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ìyẹn bí ẹnu ọ̀hún bá láyà. Tèmi ò ní.

Mo ní, "Ìyá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó tiẹ̀ gbá mi létí, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó gba ẹja náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì dé e.

"Ìyá rẹ ì bá ti jẹ ẹ́," ó wí. Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ. Kò padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ náà, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sì sin gbogbo ẹja inú apẹ̀rẹ̀ náà. Ìbọ̀wọ́ funfun yẹn ni mo wọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.