Oókan Tí Ọ̀gá Fi Kún Oókan Mi

Orí ló kó ọ̀gá mi yọ lọ́wọ́ mi lónìí!

Ní láàbù wa l'Àgídìngbì, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tí a ó ti gé orí purotéènì, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí a kò nílò. Láti òdo ló ń kà, àwa sì ń kà láti oókan, ni mo bá fi oókan kún nọ́ńbà tó sọ. Ọ̀gá tún yọ́ fi oókan mìíràn kún un lẹ́yìn mi. Purotéènì dé lónìí láti iléeṣẹ́ tó ń bá wa ṣe é, wọ́n ti gé e kọjá ibi tó yẹ!

Ọ̀gá jágbe mọ́ mi: "Ta ló ń ka nǹkan láti òdo?"

"Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí ńkọ́, sà? Ṣé ó ti pé ọmọ ọdún kan?"

Wọ́n ní kí n kọ ìwé àlàyé. Èmi!

Mo ti kọ ọ́: "Oókan àkọ́kọ́ ni tèmi, oókan kejì ni ti ọ̀gá."

Ṣé kí n fi ránṣẹ́?