Àwòrán Tí Kò Lọ́jọ́ Lórí

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀. Afọfọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló ń ya fọ́tò, òun ló ń fọ̀ ọ́. Kì í ṣe omi ló fi ń fọ̀ ọ́ o, ayé omi ti lọ. Ìdí kọ̀ǹpútà ló máa ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní fèrèsé onígíláàsì, á kẹ̀yìn sí òpópónà, á máa la èyí tó ṣókùnkùn kó lè mọ́lẹ̀, á máa nu ojú oníbàárà tó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n fi epo pa. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Èmi ni mo ń bí wọn, ìwọ lo ń wẹ̀ wọ́n."

Ọjọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ọkùnrin náà kú. Ó gbé kámẹ́rà jáde láàárọ̀, kò sọ ibi tó ń lọ. Òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti bá a nílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀mí ti bọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó aṣọ, bàtà àti kámẹ́rà rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọjà.

Wọ́n sin òkú tán, Afọfọ́tò kò sunkún. Àwọn èèyàn ní ọkàn rẹ̀ le. Kò le rárá. Ṣe ló kú tipiri bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ káàdì tí àwòrán wà lára rẹ̀ kúrò nínú kámẹ́rà, ó sì ṣe é bó ṣe máa ń ṣe gbogbo káàdì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Àwòrán ayé ìsinsìnyí kì í dá rìn. Bí abiyamọ ló rí, ó máa ń pọn nǹkan sẹ́yìn: ọjọ́ tí wọ́n yà á, wákàtí tí wọ́n yà á, àti ibi tí ẹni tó yà á dúró sí. Ojú lásán kì í rí i, àfi kéèyàn bi kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà kan, obìnrin oníbàárà kan gbé fọ́tò tó yà nínú ilé rẹ̀ sórí fóònù fáráyé wò. Ọkọ tí obìnrin náà ti kọ̀ sílẹ̀ ti ara fọ́tò náà mọ ilé tuntun tó kó lọ, ó wá ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni ọkọ Afọfọ́tò ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé àwòrán yòówù tó bá fẹ́ jáde níbẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó pọ̀n kalẹ̀, kó má bàá bá a jáde. Ire ló fi ṣe.

Ìṣe ṣọ́ọ̀bù náà kò mọ síbẹ̀. Kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n máa ń to èyí tó ṣókùnkùn síwájú, èyí tó mọ́lẹ̀ a tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tuntun a sì tẹ̀ lé ètò yẹn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe yà wọ́n. Tí iṣẹ́ bá ti jáde, wọn a pa ti àtilẹ̀wá rẹ́ torí pé inú kọ̀ǹpútà kò gbà á, wọn a sì nu káàdì mọ́. Afọfọ́tò tò wọ́n, ó là wọ́n dọ́gba, ó gbé wọn jáde. Ibi tó yẹ kó kọ orúkọ oníbàárà sí, ó kọ "Tiwa" síbẹ̀. Ó nu káàdì. Lọ́jọ́ kejì, ó fi káàdì náà ya àwọn ọmọ ilé ìwé kan, ó kún dé ẹnu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ dé. Ó jókòó sórí àpótí tí àwọn tó ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà máa ń jókòó lé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún. Ó béèrè bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń sùn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá.

"Ìyàwó mi, mo fẹ́ rí ohun tí ojú ọmọ mi rí kẹ́yìn. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yín máa ń mọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò. Fi hàn mí, kí n lọ dúró síbẹ̀."

Afọfọ́tò ṣí àwọn àwòrán náà. Ó bi kọ̀ǹpútà léèrè ọjọ́, kọ̀ǹpútà sọ ọjọ́ tí Afọfọ́tò gbé wọn jáde, ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Ó béèrè ibi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ìyẹn wo káàdì, ó wo kọ̀ǹpútà, ó mi orí. "Ìyàwó wa," ló wí, "ilé tí wọ́n bá wó, mo lè tú àlàpà rẹ̀ wò. Èyí tí ẹ wó, tí ẹ tún kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé lórí, kí ni kí n wá tú?" Nígbà tí kò rẹ́ni bá a rẹ́rìn-ín, ó rọra gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ó wá ku àwọn obìnrin méjèèjì àti àwọn àwòrán. Géètì búlúù kan wà nínú ọ̀kan, wọ́n tì í. Nínú òmíràn, ajá kan nà gbalaja lábẹ́ ìbòòji. Bàbá arúgbó kan ń fún kẹ̀kẹ́ ní atẹ́gùn. Àwòrán tó tẹ̀ lé wọn ni ẹ̀yìn Afọfọ́tò fúnra rẹ̀: òun ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, láti ìta, láti ojú fèrèsé.

Kò mọ̀ pé ẹnì kan ya òun. Tó bá jẹ́ pé àárọ̀ ni, a jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ wò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, a jẹ́ pé ó ti ń bọ̀ wálé, ó dé ẹnu fèrèsé, ó yà á, kò wọlé. Oòrùn inú àwòrán ì bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n Afọfọ́tò ti la gbogbo wọn dọ́gba. Ó gbìyànjú láti rántí bóyá òun gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan lẹ́yìn òun lọ́jọ́ náà. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Èwo ni ìkẹyìn?" ni Màmá béèrè.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Ó dúró kí èébú dé. Kò dé. Màmá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn tó wà nínú àwòrán yẹn.

"Ìwọ kọ́ yìí? Bóyá ìwọ ló rí kẹ́yìn."

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ta ni kó wá sọ ọ́? Ìwọ lo fọ̀ ọ́. Mú ọ̀kan."

Ìka Afọfọ́tò dé orí àwòrán ara rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó kọjá. Ó tọ́ka sí géètì. Èèyàn lè lọ dúró níwájú géètì. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, Màmá fi gèlè wé e, ó lọ.

Gbogbo ọlọ́kadà àdúgbò ni Màmá fi àwòrán náà hàn. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Màmá, ṣé ilé àna yín lẹ̀ ń wá ni?" Màmá ní ilé ọmọ òun ni. Nígbà tó ṣe, ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti rí i, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà díẹ̀, ó ní ó jọ pé wọ́n tún un kùn ni. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun dé ibẹ̀.

Afọfọ́tò ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ̀ lé e. Géètì náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó kéré sí ti inú àwòrán, irin orí rẹ̀ sì yàtọ̀.

"Òun kọ́ nìyí?" ni Màmá béèrè.

"Òun ni, Màmá," ni Afọfọ́tò dáhùn.

Wọ́n dúró níwájú rẹ̀ títí onílé fi jáde, tó béèrè ẹni tí wọ́n ń wá.